Ẹbọ Abẹ́ Igi Ìyeyè

Ẹfúnwùmí sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Ìgbà mẹ́ta ni ewúrẹ́ tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ti bímọ, ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni àwọn ọmọ náà kú kí wọ́n tó pé ọjọ́ mẹ́wàá. Ó tún ti bí ìbejì báyìí, akọ kan, abo kan, ara wọn ń gbọ̀n, ewúrẹ́ náà sì ti ń darúgbó. Bí àwọn wọ̀nyí bá tún lọ, ẹran ìyá rẹ̀ parí nìyẹn, kò sì sí ohun mìíràn tí ìyá náà fi lé e lọ́wọ́.

Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọdẹ́tọ́lá, tọ Ọ̀ṣunyọmí lọ, arúgbó tí ń fi obì wádìí ọ̀rọ̀. Ọdẹ́tọ́lá náà ní ewúrẹ́ kan nínú ogún yẹn, ó lóyún.

Arúgbó da obì, ó wò ó pẹ́.

Ó ní, "Obì yàn. Ṣùgbọ́n ẹbọ ń bẹ. Èèrí ògì igbá kan, ewé ìyeyè ìdì kan, iyọ̀ díẹ̀. Láràárọ̀ fún ọjọ́ mẹ́tàdínlógún, kí kálukú gbé e sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, kí ó gbé omi tútù tì í. Ohunkóhun tí ẹ bá so mọ́lẹ̀ nínú ilé, ẹ tú u. Ohun tí ó bá sì wá jẹ ẹbọ náà, ẹ má lé e."

Ọdẹ́tọ́lá bú sẹ́rìn-ín. "Èèrí tí à ń dà nù! Ìyá, bí ẹ bá ní kí n mú àgbò wá, ìyẹn á yé mi." Ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ gbọ́ ná: àkókò òjò ni, àgbàdo wà lóko, orí okùn ni gbogbo ẹran ìlú wà. Ẹfúnwùmí ní láti sọgbà yí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ká kí ó tó lè tú ewúrẹ́ sílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ bó. Lọ́jọ́ kìíní, ó gbé ẹbọ sábẹ́ igi ìyeyè, ó kúnlẹ̀. Kò tíì ṣàdúrà tán tí ewúrẹ́ fi ki ẹnu bọ igbá.

"Háà! Ẹran yìí fẹ́ pa mí!" Ó fa igi yọ, ó rántí ìkìlọ̀, ó jù ú sílẹ̀, ó sáré tọ arúgbó lọ.

Ọ̀ṣunyọmí wò ó tàánútàánú. "Ọmọ mi, ta lo rò pé ebi ń pa nínú ilé rẹ?"

Ìtìjú bá a. Ìgbà gbogbo tí ewúrẹ́ yẹn ti ń bímọ, orí ìso ló wà, èèpo iṣu gbígbẹ ló ń jẹ. Níbo ni ọmú yóò ti rí wàrà?

Ó rú ẹbọ náà pé. Kí ó tó di ọjọ́ keje, ọmú ewúrẹ́ ti kún, àwọn ìbejì sì ń fò gun orí odó.

Ewúrẹ́ Ọdẹ́tọ́lá bí mẹ́ta lórí okùn. Ó sin wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì sin ìyá wọn tẹ̀ lé wọn. Ó fi ìka àbámọ̀ bọ ẹnu. Odindi ọdún kan ni kò yà sílé àbúrò rẹ̀, nítorí ìtìjú.

Nígbà tí ó yà, ẹran mẹ́fà ló bá lẹ́yìnkùlé. Ẹfúnwùmí fa abo inú ìbejì yẹn wá, oyún ti wà nínú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà. Ẹran ìyá wa náà ni."

Ọdẹ́tọ́lá na ọwọ́, ó ń wá okùn. Igbá èèrí ni àbúrò rẹ̀ gbé lé e lọ́wọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe dára fún ẹni tí ó gbọ́, tí ó sì dun ẹni tí ó fi ẹbọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn ará àdúgbò rí Ọdẹ́tọ́lá tí ó ń sọgbà.