Àyè Funfun Àárín Àwòrán

Ọkùnrin kan wà ní ilẹ̀ Kòríà tó jẹ́ pé àwòrán ẹkùn yíyà ló fi ń jẹun. Bàbá rẹ̀ ya ẹkùn, bàbá bàbá rẹ̀ náà yà á, kò sì sí èyí tó fojú kan ẹkùn rí nínú wọn. Bóyá ìdí nìyẹn tí àwọn ẹkùn náà fi máa ń jọ ológbò tí wọ́n gba ẹja lẹ́nu rẹ̀. Bí ọdún tuntun bá dé, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń lẹ̀ wọ́n mọ́, kí ibi má baà wọlé. Àwòrán mẹ̀kúnnù ni. Ẹni tó yà á kì í kọ orúkọ sí i.

Ìgbà yí padà. Àwọn ènìyàn kó lọ sínú ilé alájà ogún, ilẹ̀kùn wọn di irin, ibi sì wá ń gba inú fóònù wọlé. Ọkùnrin yìí rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ó wọ kóòtù fún ẹkùn rẹ̀, ó sì so táì mọ́ ọn lọ́rùn. Àwọn ènìyàn rí i, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n rà á. Àwọn ọ̀mọ̀wé ní ó ti jí iṣẹ́ àwọn baba dìde. Òun kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé iṣẹ́ náà ti kú, ṣùgbọ́n ó dúpẹ́.

Ó ní ìyá. Àwọn méjèèjì jọ ń gbé ní àjà kẹrìnlá, ojú ìyá sì ti ń ṣú. Ohun tí ìyá kó wá láti abúlé kò ju àwòrán kan lọ, tí a ká bí ẹní. Ilé ni wọ́n yà sí i: ilé ìrántí àwọn òkú ìdílé, irú èyí tí àwọn ọlọ́rọ̀ ń fi igi kọ́ sí ẹ̀yìnkùlé wọn. Ẹni tí kò lágbára àtikọ́ ọ, orí ìwé ni wọ́n ń ya tirẹ̀ sí. Ilẹ̀kùn ilé náà ṣí sílẹ̀, àyè funfun kan sì wà láàárín rẹ̀ tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Wọn kì í ya nǹkan kan síbẹ̀. Bí ọjọ́ ikú bàbá bá pé lọ́dọọdún, ọmọ á fi àwòrán náà kọ́ ara ògiri, á kọ orúkọ bàbá sórí ìwé pélébé, á fi ìrẹsì rírọ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ àyè náà. Wọ́n á gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, wọ́n á wólẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n á jó ìwé orúkọ, wọ́n á ká ilé, ó di orí àpótí.

Ìyá a máa fọwọ́ kan àyè funfun náà, á ní, "Ibí lèmi náà ń bọ̀. Sọ fún bàbá rẹ kó má na ẹsẹ̀ gbà á tán."

Nígbà tó yá, àwọn tó ń ṣètò ìpàtẹ àwòrán wá bá ọmọ. Wọ́n fẹ́ iṣẹ́ ńlá kan tó bá ìgbà mu, ṣùgbọ́n kó jẹ́ lórí ìwé àtijọ́ gan-an. Ìwé àtijọ́ kan ló wà nínú ilé. Ọkùnrin náà sọ fún ara rẹ̀ pé òun á ya òmíràn fún ìyá bí ọwọ́ òun bá dilẹ̀. Gbogbo wa la mọ ọjọ́ tí ọwọ́ ń dilẹ̀. Ó sọ ilé ìrántí di ilé alájà, ó fi lífítì sí i, ó fi ẹ̀rọ amúlétutù sára ògiri. Ó wá ku àyè funfun.

Ọ̀gá ìpàtẹ wò ó, ó ní, "Ibí yìí ò tíì parí."

Ọkùnrin náà mọ ohun tó yẹ kó sọ. Ó ya fíríìjì síbẹ̀. Fíríìjì náà dára púpọ̀. Ó tún ya ẹja sínú rẹ̀. Nínú gbogbo àṣà àtijọ́, èyí tó pa mọ́ ni pé kò kọ orúkọ sí iṣẹ́ náà.

Ó ká kàlẹ́ńdà kan, ó gbé e sórí àpótí. Ìyá kò ríran mọ́ nígbà náà.

"Ilé wa ńkọ́?"

"Ó wà, ìyá."

"Àyè àárín ńkọ́?"

"Ó wà."

Láràárọ̀ ni ìyá ń na ọwọ́ sókè, tó ń fọwọ́ pa kàlẹ́ńdà náà, tó ń ní ó dáa.

Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá kí ọjọ́ ìrántí bàbá pé nígbà tí ìyá kú.

O fẹ́ bi mí pé kí ló dé tí kò ya òmíràn. Ó yà á. Mẹ́ta ló yà. Ṣùgbọ́n wọn kò lẹ orúkọ bàbá mọ́ ọ̀kankan nínú wọn rí. Ẹni tó fọ́jú kó tó kú, ta ni yóò júwe ilé tuntun fún un?

Ó kọ orúkọ ìyá sórí ìwé pélébé, ó di ìrẹsì sínú ọ̀rá, ó gba ilé ìpàtẹ lọ.

Ẹ̀ṣọ́ ní, "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ sún sẹ́yìn."

"Èmi ni mo yà á."

"Ẹ̀yin lẹ ṣe ìkẹta tó sọ bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀. Kí lẹ fẹ́ ṣe?"

"Mo fẹ́ lẹ orúkọ ìyá mi mọ́ ọn."

Ẹ̀ṣọ́ náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó wo àwòrán náà láti òkè dé ilẹ̀, ó tún un wò. Ó ní, "Níbo?"

Ọkùnrin náà kò rí ibì kankan tọ́ka sí. Ó padà sílé, ó lẹ orúkọ ìyá mọ́ ara fíríìjì rẹ̀, nítorí ìyẹn ló sún mọ́ ti inú àwòrán jù, ó sì wólẹ̀ fún fíríìjì. Ìrẹsì gbẹ. Ìwé náà já bọ́.

Èmi kò mọ ẹnì kankan ní Kòríà o. Ìwọ ni mo mọ̀. O wá láàárọ̀ yìí, o ní o fẹ́ fi táìsì bo gbogbo àgbàlá bàbá rẹ kí ilé lè bá ìgbà mu, kí mọ́tò sì rí ibi dúró sí. O ní sàréè bàbá á gba mábù aláwọ̀ dúdú. Ó dára. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ òfìfo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè yẹn, tí o pè ní ibi tí kò tíì parí, ìyá rẹ ló ń gbá a láràárọ̀. O rò pé ilẹ̀ gbígbá ló kàn ń wù ú.

Ó bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá bóyá àyè òun ṣì wà níbẹ̀. Mo ní ó wà.

Bíríkìlà rẹ ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Títí di ìgbà náà, òótọ́ ni mo sọ fún un.