Igbá Àkànmú Ajẹ́nifújà

Mo fi ẹ̀fọn búra: bí irọ́ bá wà nínú ìtàn yìí, kí wọ́n má jẹ́ kí n fojú ba oorun títí ọdún yóò fi yípo. Ó dáa, ẹ má tíì ké sí ẹ̀fọn. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ló jẹ́ òótọ́.

Ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Etídò, ilé Ajẹ́nifújà ló ni gbogbo ọkọ̀ tó ń gbé èèyàn sọdá odò. Ọba méje ló ti jẹ tẹ̀lé ara wọn níbẹ̀, ilé yẹn ni gbogbo wọn sì ti jáde. Wọn kò fi kùmọ̀ gba oyè o. Bí ìyàn bá mú, abà wọn ni ìlú ń sá lọ. Bí aláìníbátan bá kú, àwọn ni wọ́n ń sin ín. Ẹ wo ọgbọ́n! Ta ni yóò jẹ oúnjẹ ẹni tán tí yóò tún bá ẹni du ipò?

Nígbà tí ọba keje wàjà, Àkànmú ọmọ rẹ̀, tí irun rẹ̀ ti ń funfun, ni oyè kàn. Àṣà Etídò ni pé ẹni tí yóò jọba á jẹ iyán nínú igbá ńlá kan lójú agbo, á sì ṣẹ́ ìyókù kù fún ìlú. Àwọn tó bá jẹ ìyókù náà ni yóò ru igbá tẹ̀lé e dé ààfin. Bí igbá kò bá dé ààfin lórí ará ìlú, kò sí oyè.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Àwẹ̀ró, àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, pè é.

"Àkànmú, òkèlè mẹ́ta péré o. Ìyókù kì í ṣe tìrẹ."

"Ìyá, ta ló kù nílùú yìí tó lè bá wa dù ú? Ẹ fọkàn balẹ̀."

Ẹran ọ̀yà ló wà nínú ọbẹ̀ náà, ó sì ń ta sánsán. Àkànmú jẹ òkèlè mẹ́ta, ó jẹ mẹ́wàá. Àwọn ará ìlú ń dá itọ́ mì. Ó jẹ títí igbá fi ń dán, ó tún fi ahọ́n lá a. Ó nu ẹnu, ó ní, "Ó yá, ẹ gbé igbá mi!"

Kò sẹ́ni tó mira. Odélẹ́yẹ, olórí àwọn atukọ̀, káwọ́ sẹ́yìn.

"Kábíyèsí tó ń bọ̀, igbá yín ti fúyẹ́. Ẹ rọra gbé e fúnra yín."

Ẹ̀rín bú yẹ́ẹ̀. Àkànmú ru igbá rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó gbọ̀nà ilé lọ, oyè sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwẹ̀ró kò sunkún. Ó ní kí wọ́n gún iyán mìíràn, ó jókòó sójú agbo, ó mú òkèlè kan ṣoṣo, ó sì ti igbá sí iwájú Odélẹ́yẹ. "Ẹ̀yin ọmọ mi, ebi á ti pa yín. Ẹ bu ọwọ́ sí i." Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn atukọ̀ ti ru igbá rẹ̀ dé ààfin. Ilé Ajẹ́nifújà tún jọba, ẹlẹ́ẹ̀kẹjọ rèé, obìnrin sì ni. Wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe, àbí wọn ò mọ̀ ọ́n ṣe?

Ahọ́n tí Àkànmú fi lá igbá yẹn, èmi ni mo fi sí i. Wọ́n ní ìka ló fi nù ún. Ṣùgbọ́n ìka ni o, ahọ́n ni o, kò ṣẹ́ nǹkan kan kù, ohun tó mú kí àwọn àgbà máa pa á lówe nìyẹn pé: àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.