Òfin Mẹ́ta Tí Adìẹ Ò Gbọ́ Parí

Àlọ́ o.

Àlọ̀.

Àlọ́ mi rìn, ó rìn, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀, ó wọlé. Ta ló bá ńlé? Adìẹ ni. Ó bá Àkàlà tó jẹ Baálẹ̀ ìlú ẹyẹ. Ó bá Ẹ̀gà tó ń bá Baálẹ̀ kéde. Ó bá Pẹ́pẹ́yẹ, aládùúgbò Adìẹ.

Nígbà tí Àkàlà ṣẹ̀ṣẹ̀ joyè, ìlú tòrò. Kò sí ìjà, kò sí ẹjọ́. Baálẹ̀ jókòó títí, ìjókòó sú u. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòfin.

Lọ́jọ́ kan, ó kọjá létí odò. Àwọn ẹyẹ ń mumi, wọn ò rí i kí. Ó ṣòfin. Ẹni tó bá mu omi ẹnu kan, kó gbójú sókè wò bóyá Baálẹ̀ ń kọjá, kó tó mu òmíràn.

Lọ́jọ́ kejì, ó rí ẹnìkan tó nàró gangan wọ ilé ara rẹ̀. Ó ṣòfin. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé, kó bẹ̀rẹ̀, bó ti wù kí ẹnu ọ̀nà ga tó.

Lọ́jọ́ kẹta, ó gbọ́ pé wọ́n bímọ ní ilé kan, wọn ò sọ fún òun. Ó ṣòfin. Ẹni tí ohun tuntun bá dé ilé rẹ̀, kó ké e síta kí ilé Baálẹ̀ gbọ́.

Àwọn ẹyẹ ń kùn. Ẹyẹlé tiẹ̀ ní òun ò ní gbójú sókè fún ẹnikẹ́ni. Adìẹ ò kùn ní tiẹ̀. Ó ní, "Àgbà ló sọ ọ́." Ó ń gbójú sókè, ó ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó sì yé ẹyin àkọ́kọ́, ó bọ́ síta, ó ké: "Mo ti yé e o, ẹ wá wò ó."

Ẹ̀gà dé wàrà. "Baálẹ̀ ní kí n gbé e wá, kí òun fojú rí i."

Ó gbé e lọ. Adìẹ retí rẹ̀ títí, kò rí ẹyin. Ó yé òmíràn, ó ké, Ẹ̀gà dé. Ìyẹn náà lọ. Ó yé ẹ̀kẹta, ó ké, wọ́n tún gbé e lọ. Adìẹ ò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó tọ Baálẹ̀ lọ, ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Baba, kí ẹ pẹ́ lórí oyè. Àwọn ẹyin mi dà?"

"Mo ti yẹ̀ wọ́n wò," ni Baálẹ̀ wí. Pupa ẹyin ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

Adìẹ sunkún délé. Ọmọ ló ń fẹ́, kò fẹ́ nǹkan mìíràn láyé.

"Ìwọ náà kúkú gọ̀," ni Pẹ́pẹ́yẹ sọ fún un. "Èmi ti yé mẹ́fà, ta ló gbọ́? Ẹnu ni kí o pa mọ́, má pa òfin mọ́."

Adìẹ gbà. Ó lọ sẹ́yìn ààrò kan tó ti wó, ó yé ẹyin mẹ́wàá síbẹ̀ láìfọhùn, ó sàba lé wọn. Àmọ́ àyà rẹ̀ ò balẹ̀. Bí ewé bá já, á ní wọ́n ti dé.

Ó ń sàba lọ́wọ́ nígbà tí ìyàwó Baálẹ̀ yé ẹyin kan ṣoṣo nílé tirẹ̀. Ọdún mẹ́ta ló ti ń retí rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, ó bọ́ síta, ó ké bí òfin ti wí. Ẹ̀gà ò bèèrè ẹni tó ké. Ó gbé ẹyin, ó gbé e fún Baálẹ̀ nídìí oúnjẹ. Baálẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò bó ti máa ń yẹ̀ wọ́n wò. Ó ń nu ẹnu lọ́wọ́ nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wọlé.

Ó ní, "Ọmọ wa dà?"

Ọjọ́ méje ni Baálẹ̀ ò fi jẹun. Lọ́jọ́ kẹjọ, ó pe Ẹ̀gà. "Lọ kéde. Kí gbogbo ìlú pa òfin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́."

Ẹ̀yin náà mọ Ẹ̀gà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í sinmi. Ó ń sáré, ó ń kéde. Ó dé ẹ̀yìn ààrò, Adìẹ na etí.

"Baálẹ̀ ní kí gbogbo ìlú pa òfin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta..."

Ẹyin kan sán lábẹ́ Adìẹ. Ọmọ ké fíín. Adìẹ wolẹ̀. Kó tó gbójú sókè, Ẹ̀gà ti kọjá lọ.

"Pa á kí ni?" ni Adìẹ bi ara rẹ̀. "Pa á mọ́ ni. Kí ni Baálẹ̀ wa tún ń fi òfin ṣe?" Ó rántí ẹyin mẹ́wàá tó fi pa mọ́, jìnnìjìnnì bò ó. Nígbà tí àwọn ẹyin yòókù pa tán, ó kó àwọn ọmọ jáde, ó kọ́ wọn. Ẹ mumi, ẹ gbójú sókè. Ẹ dé ẹnu ọ̀nà, ẹ bẹ̀rẹ̀. Ẹ yé ẹyin, ẹ ké.

Pẹ́pẹ́yẹ ní, "Rẹ́ ni wọ́n wí, wọn ò wí mọ́."

"Ṣé lẹ́nu Baálẹ̀ lo ti gbọ́ ọ?"

"Lẹ́nu Ẹ̀gà ni."

"Ẹ̀gà yẹn ló ń gbé ẹyin mi lọ. Mi ò lè fi ọmọ mẹ́wàá dán ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò."

Ìtìjú lé Àkàlà wọgbó, ibẹ̀ ló wà dòní. Ẹyẹlé ń ki ẹnu bọ omi, ó ń mu ún tẹ́rùn láìgbójú sókè. Pẹ́pẹ́yẹ ń yé tiẹ̀ láìfọhùn. Adìẹ nìkan ló ń mumi tó ń wòkè, tó ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà tó ga ju èèyàn lọ. Bó bá sì yé ẹyin tán, á bọ́ síta, á máa ké. Kò sí Baálẹ̀ tó ń gbọ́ ọ mọ́. Àwa là ń gbọ́ ọ, àwa náà là ń lọ kó ẹyin rẹ̀.

Ibẹ̀ ni àlọ́ mi fìdí lélẹ̀ sí. Bí ẹ bá ní mo parọ́, ẹ bu omi fún adìẹ lọ́la, kí ẹ wo ọrùn rẹ̀.