Bàbá Dókítà àti Orúkọ Tó Sọnù

Ọkùnrin kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Dókítà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí dókítà kankan nínú ilé rẹ̀. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni ó bí. Nígbà tí ọmọ náà wà ní ọmọ ọjọ́ mẹ́ta, nọ́ọ̀sì tó ń wẹ̀ ẹ́ rí ìka rẹ̀ tó gùn, ó ní, "Ẹ wo ọwọ́ dókítà!" Àwàdà ni. Ṣùgbọ́n bàbá gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé, ó sì ń tọ́jú rẹ̀ bí ẹni ń tọ́jú ẹyin. Láti ọjọ́ náà, Dókítà ni ó ń pe ọmọ. Àwọn aládùúgbò gbọ́ ọ, wọ́n sì wá ń fi í kí bàbá fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ní, "Bàbá Dókítà, ẹ káàárọ̀ o," ńṣe ni ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń fúyẹ́. Èmi náà ti kí i bẹ́ẹ̀ rí, nítorí ẹ̀rín rẹ̀ dùn ún wò.

Ọmọ náà parí ilé ẹ̀kọ́ girama. Ó ṣe ìdánwò àtiwọ yunifásítì lẹ́ẹ̀mejì, kò yege. Kì í ṣe olódo. Ìdí omi ni ọkàn rẹ̀ wà. Ẹ̀rọ omi kan wà lábẹ́ igi furúùtù lẹ́yìn ilé wọn, níbi tí gbogbo àdúgbò ti ń pọn omi. Bí ẹ̀rọ náà bá ti dákẹ́, ọmọ yìí á gbé etí lé páìpù, á di ojú, á máa gbọ́ ohun tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Lẹ́yìn náà á mú sípánà, á tú u, á tún un dè, omi á sì dé. Ó lè wà níbẹ̀ láti àárọ̀ títí oòrùn yóò fi wọ̀, kò ní í rántí oúnjẹ.

Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan gbà á láti wá kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ omi. Wọ́n ní kí bàbá fọwọ́ sí ìwé rẹ̀, kí ìwé náà sì dé ọ̀dọ̀ àwọn kó tó di ọ̀sán ọjọ́ Ajé. Bàbá kà á, ó ká a, ó sì tì í bọ abẹ́ ìrọ̀rí. Ó ní, "Dókítà mi, fọ́ọ̀mù ìdánwò ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni mo ń lọ rà fún ọ." Ọmọ kò jiyàn. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, bàbá mi," ó sì jáde. Kò fọwọ́ kan oúnjẹ lọ́jọ́ náà.

Ó di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, ọjọ́ Ajé dé nìyẹn. Oòrùn mú, ilé dákẹ́, bàbá gbé orí lé ìrọ̀rí náà, ó sùn lọ. Ó rí ara rẹ̀ lójú ọ̀nà funfun gbọọrọ kan tí kò ní ilé, tí kò ní igi. Ohùn àwọn ènìyàn ń jáde láti inú kùrukùru: "Bàbá Dókítà, ọmọ yín ń bọ̀ o!" Inú rẹ̀ dùn, ó ń sáré, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀. Ó rí ẹ̀wù dókítà kan tó funfun báláú, tó ń bọ̀ wá jẹ́jẹ́. Nígbà tí ó súnmọ́ ọn, kò sí orí lókè ọrùn ẹ̀wù, kò sí ọwọ́ nínú apá rẹ̀. Ẹ̀wù náà kúnlẹ̀, ó kí i.

Bàbá ní, "Ọmọ mi dà?"

Ẹ̀wù náà ní, "Èmi lẹ ti ń pè láti ọdún méjìdínlógún, èmi náà ni mo dé yìí. Ẹni tí ẹ kò pè, báwo ni yóò ṣe dá yín lóhùn?"

Bàbá la ẹnu láti pe ọmọ rẹ̀ lórúkọ. Orúkọ kò wá. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ, lójú gbogbo ẹbí. Ó wá a káàkiri inú ara rẹ̀, kò rí i. Ẹkún ni ó fi jí.

Bí ó ti dìde jókòó, ó gbọ́ ariwo láti ẹ̀yìn ilé. Àwọn apọnmi ti tò sídìí ẹ̀rọ tó ti dákẹ́ láti àná. Ìyá arúgbó kan ń ké pé, "Ìbíyẹmí! Ìbíyẹmí ọmọ mi, o ṣeun o! Omi ti dé!" Tàgbà tèwe ń pè é: Ìbíyẹmí, Ìbíyẹmí. Ẹnu àwọn apọnmi ni orúkọ náà wà ní gbogbo ọdún wọ̀nyí.

Ọkùnrin náà fa ìwé jáde lábẹ́ ìrọ̀rí, ó wá bírò, ó fọwọ́ sí i. Kò wọ bàtà. Ó dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó ní, "Ìbíyẹmí." Ọmọ kò yíjú. Kò mọ̀ pé bàbá òun lè pe òun bẹ́ẹ̀. Ó tún un pè. Ìgbà náà ni ọmọ gbójú sókè, omi ń kán lára irun rẹ̀, ó sì rí ìwé lọ́wọ́ bàbá rẹ̀.

Ọ̀gá káfíńtà, ẹ̀yin tí mo ń sọ ìtàn yìí fún, mo rí i pé ẹ ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ rò pé ìtàn yìí gbè yín lẹ́yìn, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ lẹ fẹ́ kí ọmọ yín ṣe. Kò gbè yín. Ẹ ti kọ "Káfíńtà àti Ọmọ" sára pátákó ilé iṣẹ́ yín kí ọmọ náà tó mọ̀ ọ́n rìn. Ọ̀dà rẹ̀ dára, mo fẹ́ràn àwọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí igi ṣe ń dàgbà nínú igbó ni ọmọkùnrin yín fẹ́ lọ kọ́ ní yunifásítì, wọ́n ti gbà á, lẹ́tà rẹ̀ sì ti wà lápò yín láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo ń wo etí lẹ́tà náà tó yọ níbẹ̀ yẹn. Ọ̀rọ̀ ọmọ náà ń dùn mí, n kò ní purọ́ fún yín. Ọmọ náà dúró níta. Ẹ jáde lọ bá a, kí ẹ pe orúkọ tí ẹ sọ ọ́. Bí kò bá tètè dáhùn, ẹ tún un pè.