Ìdí Tí Lo Fi Ń Sáré Ṣíwájú ní Ilẹ̀ Sípéènì

Nígbà láéláé, ọ̀rọ̀ ní ẹsẹ̀. Ó ń rìn, ó ń jẹun, ó sì máa ń rẹ̀ ẹ́. Bí ẹ kò bá gbà mí gbọ́, ẹ lọ bi àkùkọ.

Kò sí arọ́pò tí ó ń dúró fún orúkọ nǹkan nígbà náà. Bí ènìyàn bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa nǹkan, Orúkọ nǹkan náà fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ yọjú. Ìyá Àwẹ̀ró sì ní àkùkọ kan ṣoṣo, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi.

"Mo rí àkùkọ, mo lé àkùkọ, mo mú àkùkọ, mo so àkùkọ mọ́lẹ̀, àkùkọ já, mo tún lé àkùkọ."

Gbogbo ìgbà tí ó bá pè é ni Orúkọ Àkùkọ ń sáré dé. Ó sáré títí ó fi rù. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Àwẹ̀ró pè é, "kù" nìkan ló jáde.

"Mo gbé," ni Ìyá Àwẹ̀ró wí. "Bí orúkọ yìí bá tán, kí ni n ó máa fi pe kù? Kù nìkan ló ń bá mi gbélé."

Àwọn ọmọ ìyá méjì kan wà tí wọn kò níṣẹ́. Lo ni ẹ̀gbọ́n. Àbúrò rẹ̀ kò lórúkọ, nítorí kò dúró kí wọ́n sọ òun lórúkọ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

"Ìyá, ẹ dárúkọ Àkùkọ lẹ́ẹ̀kan péré," ni Lo wí. "Lẹ́yìn náà, àwa á máa dúró fún Àkùkọ, kí Àkùkọ lè sinmi."

Bàbá Ìṣe, olórí àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe, ló ń darí gbólóhùn. Bí ó bá dé fìlà kan, ó di Rí. Bí ó bá pààrọ̀ rẹ̀, ó di Lé, tàbí Mú, tàbí Jẹ.

"Ó dáa," ni Bàbá Ìṣe wí. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn mi ni kí ẹ máa tọ̀."

"Bàbá, ẹsẹ̀ yín wúwo jù," ni Lo wí, ó sì fò síwájú.

Ìyá Àwẹ̀ró dárúkọ Àkùkọ lẹ́ẹ̀kan, ó wá wí pé: "Mo lo rí."

"Kí lẹ lò rí?" ni àwọn aládùúgbò bi í.

"Mo lo mú."

"Ẹ lọ mu kí ni? Ẹmu?"

"Mo lo lé!"

"Ẹ ń lọ ilé láìdágbére?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn wọ́n. Ìyá Àwẹ̀ró ní tirẹ̀ ń sunkún, nítorí kò sẹ́ni tó mọ̀ pé àkùkọ rẹ̀ ló ń wí.

"Ọmọ tó bá fẹ́ máa ṣíwájú mi, kó wá ilé mìíràn," ni Bàbá Ìṣe wí.

Lo kò bẹ̀bẹ̀. Ó sáré kọjá oko, ó sáré kọjá òkun, ó bọ́ sí Sípéènì, níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sáré bí ọ̀gbàrá. Wọ́n gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. "Lo veo," ni wọ́n ń wí, ìyẹn ni "mo rí i." Ó fẹ́ La níbẹ̀, La sì ń dúró fún àwọn orúkọ tó bá jẹ́ abo.

Ó wá ku àbúrò. Ó di etí agbádá Bàbá Ìṣe mú.

"Ìwọ tí o kò lórúkọ, kí lo máa máa sọ?"

"Ibi tí ẹ bá parí ọ̀rọ̀ sí, Bàbá, ni n ó ti gbè é."

Bàbá dé fìlà. "Rí," ni ó wí. "I," ni ọmọ dáhùn. "Lé." "E." "Mú." "Un," ó fi imú gbè é. Bàbá rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́.

Ìyá Àwẹ̀ró nu ojú. "Mo rí àkùkọ, mo lé e, mo mú un, mo so ó mọ́lẹ̀." Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohunkóhun. Orúkọ Àkùkọ sùn, ó sanra padà.

Láti ọjọ́ náà ni ọmọ yẹn ti ń tọ Bàbá Ìṣe lẹ́yìn nílẹ̀ wa, tí ó ń fi ìparí ohùn bàbá ṣe orúkọ. Láti ọjọ́ náà sì ni Lo ti ń sáré ṣíwájú ní Sípéènì. Bí o bá ń kọ́ èdè wọn tí o wí pé "veo lo", inú á bí i.

Àfi bí wọ́n bá pàṣẹ. Bí wọ́n bá ní "Jẹ ẹ́", wọn á wí pé "Cómelo", Lo á sì sáré padà sẹ́yìn, á di aṣọ ọ̀rọ̀-ìṣe ibẹ̀ mú pinpin. Wọ́n ní ohùn Bàbá Ìṣe ló ń gbọ́, àárò àbúrò rẹ̀ a sì máa sọ ọ́.