Àwẹ̀ró, Ìbíyẹmí àti Afárá Odò Àfọ̀n

“Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.” Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò tíì gbọ́ òwe yìí rí. Ìyá ń fi í gba ọmọ níyànjú, ọ̀rẹ́ ń fi í bá ọ̀rẹ́ wí. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́kọ́ dákẹ́? Kí sì ni tirẹ̀ tó bá a dákẹ́? Ẹ wá ń wo ojú ara yín! Mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ gbé àpótí yín súnmọ́ mi, kí n sọ fún yín. Obìnrin ni, amọ̀kòkò ni, owú ló sì pa á lẹ́nu mọ́.

Àwẹ̀ró ni wọ́n ń pè é. Ìlú Ìdó-Amọ̀ ni ilé ọkọ rẹ̀ wà, ní Ìsàlẹ̀-Odò, lódìkejì odò Àfọ̀n. Afárá onígi kan ṣoṣo ló so àdúgbò wọn pọ̀ mọ́ ìlú. Bí ẹ bá fẹ́ rí ìkòkò tó ń jẹ́ ìkòkò, ọ̀dọ̀ Àwẹ̀ró ni kí ẹ lọ. Àmù tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, bí ẹ bá pọn omi sínú rẹ̀ láàárọ̀, ní ọ̀sán gangan yóò tutù nini. Òun náà mọ̀ pé òun mọ iṣẹ́, kò sì fi bò fún ẹnikẹ́ni.

Ìbíyẹmí náà ń mọ ìkòkò ní tirẹ̀, ní Òkè-Ìta, láàárín ìlú. Ọdún kan náà ni àwọn méjèèjì wọlé ọkọ, wọ́n sì jọ máa ń pàdé níbi tí wọ́n ti ń wa amọ̀. Kí á sọ òtítọ́, ìkòkò Ìbíyẹmí kò burú, ṣùgbọ́n ẹnu ìkòkò náà a máa wọ́ díẹ̀. Bí Àwẹ̀ró bá rí ẹnu tó wọ́ yìí, inú rẹ̀ a dùn títí di alẹ́. Àfi pé ilé Ìbíyẹmí oníkòkò ẹlẹ́nu wíwọ́ yìí gan-an ni ohun rere ń yà sí.

Lọ́dún kan, àwọn ọ̀dọ́ ìlú kó àdá àti ọkọ́, wọ́n la ọ̀nà Òkè-Ìta títí ó fi fẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n dí kòtò tí àgbàrá gbẹ́ síwájú ilé Ìbíyẹmí. Ta ní ń rán wọn níṣẹ́? Jagun ni. Òun ni olóyè tí ọ̀nà, odò àti afárá ìlú wà níkàáwọ́ rẹ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti wọlé, Jagun a yan ibi tí iṣẹ́ ìlú yóò ti wáyé lọ́dún náà. Agbára ìlú kò sì ká ju ibì kan lọ́dún kan.

Ní gbogbo àsìkò yìí, afárá Ìsàlẹ̀-Odò ń jẹrà. Ikán ti wọ inú àwọn igi rẹ̀. Àwọn oníbàárà tó máa ń wá sọ́dọ̀ Àwẹ̀ró tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dúró sí Òkè-Ìta. Wọn kò kọ ìkòkò rẹ̀ o, ẹ̀rù odò ló ń bà wọ́n.

Yéè! Owú mú Àwẹ̀ró. Oúnjẹ kò lọ lọ́fun rẹ̀ mọ́. Bó bá ń po amọ̀, Ìbíyẹmí ló ń gbá lẹ́nu nínú amọ̀ náà. Lọ́jọ́ kan, ó kojú sí Fádípẹ̀ ọkọ rẹ̀.

“Bàbá Mosún, kí ni Ìbíyẹmí fi jù mí lọ?”

Fádípẹ̀ ń sunṣu lọ́wọ́, kò tilẹ̀ gbé ojú sókè. “Nínú kí ni?”

“Nínú ohun gbogbo! Ṣé ẹwà ni? Ṣé iṣẹ́ ọwọ́ ni? Kí ló dé tó fi jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ nìkan ni Jagun ń rí?”

“Ìwọ náà, ṣé o ti lọ sọ fún Jagun pé afárá wa ti ń jẹrà?”

“Kí n tún máa lọ sọ ọ́? Ṣé ojú ń dun Jagun ni? Ṣé kì í gba orí rẹ̀ kọjá ni? Bó bá fẹ́ràn wa, ṣebí á ti mọ̀!”

Fádípẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó padà sídìí iṣu rẹ̀. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò níí tán lọ́jọ́ yẹn.

Òótọ́ ni pé Jagun a máa gba ibẹ̀ kọjá. Bó bá ti dé iwájú ilé wọn, a ní, “Ìyàwó, ṣé àlàáfíà ni? Ṣé kò sí o?” Àwẹ̀ró a kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, a ní, “Kò sí o, bàbá. A dúpẹ́.” Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́ o. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo wa ṣe ń dáhùn. Iná lè máa jó àká lẹ́yìnkùlé, bí àgbà bá ti kí wa báyìí, “A dúpẹ́” náà ni. Jagun a wá máa bá tirẹ̀ lọ, Àwẹ̀ró a sì máa fi ojú burúkú sìn ín lẹ́yìn.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tí mò ń wí yìí, ọ̀rọ̀ náà ti di ọ̀ràn. Mosún, ọmọbìnrin Àwẹ̀ró, fẹ́ẹ́ lọ sílé ọkọ. Àwọn alájàpá kan láti ọ̀nà jíjìn sì ti ránṣẹ́ pé bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, àwọn yóò wá kó gbogbo àmù tí Àwẹ̀ró bá ní nílẹ̀. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ sórí ọjà yìí, nítorí òun ni yóò fi ra ẹrù ìyàwó fún ọmọ rẹ̀. Ó mọ àmù títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Àwọn àmù náà kún ojúde, wọ́n ń dán. Afárá nìkan ló kù.

Ní ọjọ́ tí Jagun jókòó sójúde rẹ̀ láti gbọ́ tẹnu ará ìlú, Àwẹ̀ró wà nínú ìlú, ó rí Ìbíyẹmí tó wọ aṣọ tó mọ́, tó sì ń gòkè lọ síbẹ̀. Ó pàtẹ́wọ́. “Ẹ̀n-ẹ́n! Ohun kan wà tí obìnrin yìí ń fún ọkùnrin yẹn jẹ. Lónìí ni n ó fi ojú ara mi rí i.” Ó da gèlè borí, ó tẹ̀ lé e.

Èrò pọ̀ lójúde Jagun. Àwẹ̀ró lọ fara pa mọ́ sẹ́yìn. Ọkùnrin kan rojọ́ nípa ewúrẹ́ tó ń jẹ ewébẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni, ó rojọ́ títí Jagun fi ní kó jókòó, pé ewúrẹ́ náà á ti kú kó tó sọ̀rọ̀ tán. Lẹ́yìn náà ni Ìbíyẹmí bọ́ síwájú, ó kúnlẹ̀.

“Jagun, ẹ kú ìjókòó. Kí ẹ pẹ́ fún wa o.”

“Àṣẹ. Ìyàwó, ṣé àlàáfíà ni?”

“A dúpẹ́, bàbá. Ṣùgbọ́n…”

Jagun bú sẹ́rìn-ín. “Mo ti mọ̀! Ìyàwó tiwa yìí kì í dúpẹ́ kó má ní ‘ṣùgbọ́n’. Ó yá, wí.”

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ìbíyẹmí náà rẹ́rìn-ín, ó sì ṣàlàyé pé ọ̀nà ibi tí àwọn ti ń wa amọ̀ ti dí, pé ejò ti lé àwọn níbẹ̀ rí. Kò gbé ẹ̀bùn kankan dání. Kò fi ojú wo Jagun lọ́nà tí kò yẹ. Ó kàn sọ ohun tó ń dùn ún ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, èyí dun Àwẹ̀ró ju bó bá ká wọn mọ́ ibi tí wọ́n ti ń ṣe aburú lọ. Ẹnu lásán! Ẹnu tí òun náà ní! Ibi tó ti ń jó nínú ni Ìbíyẹmí ti tún sọ̀rọ̀.

“Ó ku ẹyọ kan, bàbá. Afárá odò Àfọ̀n ti jẹrà. Àdúgbò mi kọ́, ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró ọ̀rẹ́ mi wà lọ́hùn-ún, ìkòkò ni òun náà sì ń rù kọjá. Bí agbára ìlú ò bá ká méjèèjì, ẹ jẹ́ kí tèmi dúró ná, kí wọ́n kọ́kọ́ tún afárá ṣe.”

Jagun gbójú sókè, ó wo ẹ̀yìn èrò. “Ṣé ìyàwó Fádípẹ̀ kọ́ nìyẹn? Bọ́ síwájú, ọmọ mi. Ìwọ lò ń gbé ibẹ̀. Báwo ni afárá yẹn ti rí?”

Gbogbo ojú yí sí Àwẹ̀ró. Ó jáde, ó kúnlẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé ètè rẹ̀. Kí ló kù ju kó ní, “Òótọ́ ni, bàbá”? Ṣùgbọ́n owú kò jẹ́ kó sọ ọ́. Ó ń wí nínú ara rẹ̀ pé bí wọ́n bá tún un ṣe báyìí, afárá Ìbíyẹmí ni wọn yóò máa pè é. Ní gbogbo ọjọ́ ayé òun, orí oore Ìbíyẹmí ni òun yóò máa gbà re ọjà. Mosún ọmọ òun pàápàá, oore Ìbíyẹmí ni yóò gbé e dé ilé ọkọ. Láéláé! Òun kò jẹ́ gbà.

“Kò burú, bàbá. A ń gbà á bẹ́ẹ̀. A dúpẹ́.”

“Ṣé ó dá ọ lójú?”

“Ó dá mi lójú, bàbá.”

Ìbíyẹmí yíjú wò ó, ẹnu yà á. Jagun mi orí. “Ó dára. Ẹni tó lẹsẹ̀ ní ẹsẹ̀ ò dun òun, kí ni tèmi láti máa wá egbòogi? Ọ̀nà amọ̀ ni kí àwọn ọ̀dọ́ lọ là.”

Àwẹ̀ró gbé orí sókè, ó ń yan lọ sílé. Ó tilẹ̀ kọrin lójú ọ̀nà. Ẹnikẹ́ni kò ní lè sọ pé Ìbíyẹmí ló ṣe òun lóore.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Kò rọ̀ bí àkọ́rọ̀ o, ó rọ̀ bí ẹni pé wọ́n rán an níṣẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, odò Àfọ̀n kún dé ètí, afárá kò sí mọ́. Odò ti gbé e lọ ráúráú. Ọjọ́ kejì ni àwọn alájàpá dé.

Wọ́n dúró lódìkejì odò, Àwẹ̀ró dúró níhìn-ín. Wọ́n ń rí àwọn àmù tó tò sójúde, tí oòrùn ń tàn sí wọn lára.

“Ìyá, àmù yín mà dára o!” olórí wọn pariwo láti òkèèrè. “Ṣùgbọ́n báwo la ó ṣe gbé wọn kọjá?”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dè mí! Omi á fà!”

“Ìgbà wo ló máa fà? Ọ̀nà wa jìn, ìyá. Ẹ má bínú.”

Wọ́n yíjú padà sí Òkè-Ìta. Àwẹ̀ró kò kúrò létí odò. Kò pẹ́ tí wọ́n tún fi ń kọjá lọ, tí wọ́n to ìkòkò sórí, ìkòkò ẹlẹ́nu wíwọ́ Ìbíyẹmí. Àwẹ̀ró ká ọwọ́ lérí, ó bú sẹ́kún. Mosún jáde sẹ́yìn rẹ̀, ó rí ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sì yí padà wọlé.

Nígbà tí omi fà dé orúnkún, Àwẹ̀ró là á kọjá, aṣọ rẹ̀ rin gbingbin, ó di ọ̀dọ̀ Jagun. Lónìí, kò ní “A dúpẹ́”.

“Bàbá, ayé mi bàjẹ́! Odò ti gbé afárá lọ. Ẹ ti gbọ́ pé ó jẹrà, ẹ sì fi mí sílẹ̀!”

Jagun ní kó jókòó. “Ọmọ mi, ṣé mi ò bi ọ́ lójú gbogbo ìlú? Ṣé mi ò bi ọ́ lẹ́ẹ̀mejì?”

“Ẹ bi mí, bàbá.”

“Kí ló wá dé tí o fi pa á mọ́ fún mi?”

Àwẹ̀ró tẹjú mọ́lẹ̀. “Owú ni, bàbá. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ ẹnu Ìbíyẹmí ni yóò gba afárá fún mi.”

“Ó dára. Ẹnu tìrẹ ńkọ́?”

Àwẹ̀ró fi etí aṣọ nu ojú.

Jagun mí kanlẹ̀. “Iṣẹ́ ìlú ti parí lọ́dún yìí, gbogbo ọ̀dọ́ ti wọ oko. Ó di ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀. Ọlọ́run nìkan ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀ inú, ọmọ mi, èmi kì í gbọ́ ọ. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.”

Bí Mosún ṣe fi ọdún kan gbáko sí i jókòó sílé nìyẹn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sílé ọkọ lójú rẹ̀, ó ń bá wọn ru ẹrù.

Ohun tí Jagun sọ lọ́jọ́ náà ló di òwe lẹ́nu wa. Bí àgbà bá rí ẹni tó ń kùn ní kọ̀rọ̀ yàrá pé ọ̀nà àdúgbò òun bàjẹ́, tí kò sì dé ọ̀dọ̀ káńsẹ́lọ̀ rí; bó bá rí ẹni tí wọ́n bi léèrè ohun tó ń dùn ún, tó ní “Kò sí, a dúpẹ́”, tó wá ń ṣe ìlara ẹni tó la ẹnu; ìgbà yẹn ni àgbà máa ń sọ ọ́ fún un. Ẹ lọ sọ tẹnu yín fún àwọn tó ń ṣe ìlú, kí ẹ sì fi ẹnu ara yín sọ ọ́. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.