Ẹ̀rọ Tó Kọ́ Bí A Ṣe Ń Yà fún Èèyàn

Mosúnmọ́lá tó ń dín ẹja nítòsí ìsọ̀ mi ló kọ́kọ́ mú ìròyìn náà wá. Ó sáré dé, ṣíbí tó fi ń yí ẹja ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ìyá Oníyọ̀, ẹ̀rọ ọkọ aláta inú àjọ yín ti ṣiṣẹ́ o! Ó ń pariwo ayọ̀, gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́ ọ." Inú mi dùn. Oyèékànmí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, fara balẹ̀ ka bí ó ṣe jẹ́.

Ọkùnrin kan wà tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ó ṣe àpótí kékeré méjì, ó gbé ọ̀kan sórí tábìlì, ó gbé èkejì sórí àga ní ìdojúkọ rẹ̀. Kò sí wáyà láàárín wọn. Síbẹ̀, fíìmù wákàtí méjì á ti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì kí èèyàn tó sín tán. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí gbogbo wa ń lò nínú fóònù, ìgbín ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà ní àléébù. Kò lè jáde nínú yàrá, ògiri ń dá a dúró. Èèyàn pàápàá ń dá a dúró. Bí o bá dúró láàárín àpótí méjèèjì, omi inú ara rẹ á mu ohun tó ń kọjá, ó parí.

Aláta ni ìyàwó rẹ̀. Ó gba àjọ lọ́dọ̀ wa kó tó kàn án, ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba náírà, ó kó o fún ọkọ rẹ̀ kó fi ra ohun èlò. Èmi ni mo dúró fún un.

Àwọn kan wá wò ó lọ́jọ́ kan, wọ́n fẹ́ ra ẹ̀rọ náà. Ọkọ ti ní kí ìyàwó má wọlé, kò sọ ìdí. Ìwọ náà mọ̀ pé obìnrin tí wọ́n kọ́ nílé kì í jẹ́ kí àlejò jókòó gbẹ. Ó gbé omi wọlé, ó kúnlẹ̀ kí wọn. Àárín àpótí méjèèjì gan-an ló kúnlẹ̀ sí. Àwòrán fíìmù tó ń kọjá dúró gbagidi. Ọkọ rẹ̀ lọgun: "Kúrò lọ́nà! Ṣé mi ò ní kó o má wọlé ni?" Àwọn àlejò mu omi, wọ́n bá tiwọn lọ.

Lọ́jọ́ kejì, obìnrin náà fi í ṣẹ̀fẹ̀ ní ìsọ̀ mi. "Ìyá Oníyọ̀, ẹ̀rọ tó yára bíi mànàmáná, ìdí ńlá mi yìí ló borí rẹ̀." A rẹ́rìn-ín. Òun ló rẹ́rìn-ín jù. Ó wá fọwọ́ di àyà mú, ó ní ó ń dun òun láti ọjọ́ mélòó kan. Mo ní, "Sọ fún ọkọ rẹ."

Ó ní, "Ìgbà wo? Ẹ bá mi bi í pé ìgbà wo."

N kò bá a bi í.

Ìtìjú ọjọ́ yẹn wọ ọkọ lára. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ó ní òun á kọ́ ẹ̀rọ náà kó máa ta padà lára ògiri bíi bọ́ọ̀lù, kó yà fún ẹni tó bá dúró lọ́nà, kó sì tún dé ibi tó ń lọ. Oṣù mẹ́jọ ló fi ṣe é. Ó nílò èèyàn tí yóò máa dúró láàárín. Ta ni ì bá pè? Ẹni tó lé kúrò níbẹ̀ náà ló pè padà síbẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mò ń wí yìí, bí ọkọ rẹ̀ ṣe rò ó fún mi lẹ́yìn náà, obìnrin náà ti dúró tó wákàtí kan. Ó ní, "Bàbá Àjíkẹ́, àyà mi."

Ọkọ ní, "Má mira."

"Ẹ jẹ́ n jókòó."

"Ó kù díẹ̀, jọ̀ọ́."

Nọ́ńbà tó ń gòkè nínú kọ̀ǹpútà ló tẹjú mọ́. Ìgbà náà ni ẹ̀rọ yà fún obìnrin náà. Gbogbo nǹkan kọjá wẹ́rẹ́, bí ẹni pé kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Ọkùnrin náà fò sókè, ó pariwo. Ariwo tí Mosúnmọ́lá gbọ́ nìyẹn. Nígbà tí yóò fi yíjú padà, ìyàwó rẹ̀ ti wà nílẹ̀. A sáré gbé e, kò bá wa dé ọsibítù.

Oyèékànmí, n kò mọ ẹnu dídùn lò. Ìyàwó rẹ wá sọ́dọ̀ mi lánàá. Ó ní yàrá kan náà lẹ jọ wà, òun á sọ̀rọ̀, kò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ìwọ ń sọ pé o ń ṣiṣẹ́ fún un. Ọkọ aláta náà ń ṣiṣẹ́ fún ìyàwó tirẹ̀. Bí ìyàwó rẹ bá ní nǹkan ń dun òun, yíjú padà. N kò rò pé wàá gbọ́. Ẹ̀yin ọkùnrin kì í gbọ́ títí ẹnu tó ń sọ ọ́ á fi pa dé.

Lẹ́yìn ikú ìyàwó rẹ̀ ni ọkùnrin yẹn tó gbọ́. Wọ́n ti ra ẹ̀rọ náà. Sátidé tó kọjá, ó wá sí ìsọ̀ mi, ó gbé owó àjọ kalẹ̀ nínú ike tí aláta fi ń wọn ata. Mo ní kó jókòó, kò jókòó. Ó ní, "Ẹ kà á, mà."

Mo kà á. Ó pé.